Ọjọ́ Tí Mo Túmọ̀ Ẹ̀sùn Ara Mi

Ó pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ Wẹ́fíà kí wọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́ náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè ṣàjèjì létí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Wẹ́fíà ni gbogbo èèyàn Kétu àti Mile 12 ń pe àwa tí a ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ, àwọn tó sọnù, àti àwọn tí kò rí ẹni tọ́jú wọn. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó fọ́ọ̀mù lé mi lọ́wọ́, wọ́n fi mọ́tò hàn mí, wọ́n ní kí n máa tẹ̀lé àwọn tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá ṣe ni èmi náà ń ṣe. Tí a bá rí ọmọ tó ń dá rìn ní ọjà lásìkò iléèwé, a óò gbé e. Bí mọ́tò wa bá ti ń wọ ọjà báyìí, ìròyìn á ti ṣáájú wa dé. Àwọn ìyá á máa ti ọmọ sẹ́yìn àpò iṣu àti sábẹ́ káńtà, bí ẹni pé ìjì ló ń bọ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀gá wa pè wá jọ. Wọ́n ní àwọn kan láti òkè òkun fẹ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ọ́fíìsì wa. Wọ́n á wá kọ́ wa níṣẹ́, wọ́n á sì bá wa wọ àárín ìlú láti bá àwọn òbí jókòó sọ̀rọ̀. N kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí. Mo rántí pé mo sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé, "Kí ni òyìnbó mọ̀ nípa ọmọ Mile 12?"

Ìyá àgbà òyìnbó kan ló ṣáájú àwọn tó wá. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, irun wọn ti funfun tán, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ tiwa yìí fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nílùú wọn, níbi tí wọ́n ní òtútù máa ń mú débi pé àwọn ọmọ ń wọ ìbọ̀wọ́ lọ síléèwé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí a máa fi orúkọ pe àwọn. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é nínú wa. Báwo lèèyàn ṣe máa pe ẹni tó ju ìyá rẹ̀ lọ lórúkọ? A bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Mọ́mì. Wọ́n kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti ń dáhùn.

Gbọ̀ngàn kan ní Ìkòsì la ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì fún olúkúlùkù wa ní pépà funfun kan. Wọ́n ní kí a ya òbìrìkìtì kékeré kan sáàárín rẹ̀, kí a kọ orúkọ ara wa sí i, bí a ṣe wà nígbà tí a jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, kí a kọ gbogbo àgbà tó wà láyìíká wa nígbà náà yí i ká, àwọn tó jẹ́ pé bí nǹkan bá ṣe wá, wọ́n á gbọ́, wọ́n á sì dìde.

Kétu ni wọ́n bí mi sí. Láti Ìjẹ̀bú ni bàbá àti ìyá mi ti wá. Bàbá mi ń ṣe káfíńtà, ìyá mi ń ta aṣọ òkìrìkà. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni a ń gbé, ilẹ̀kùn wa kọjú síra. Kíá ni pépà mi kún. Mo kọ bàbá télọ̀ tó máa ń gán yúnífọ́ọ̀mù mi láìgba nǹkan kan. Mo kọ ìyàwó pásítọ̀ wa. Mo kọ ìyá Hausa kan tó ń ta fùrá lẹ́nu géètì, tó máa ń sọ fún ìyá mi tí mo bá pẹ́ dé láti iléèwé. Nígbà tí mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́rìnlá. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ gbé pépà náà sókè kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lè rí i.

Mọ́mì wá ní kí a yí pépà náà sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ọmọ tí ẹ gbé sínú mọ́tò kẹ́yìn ńkọ́? Ẹ ya tirẹ̀."

Mo kọ orúkọ ọmọ náà sáàárín. Mo mú bírò dání. N kò rí ẹyọ orúkọ kan kọ yí i ká. Mo yọjú wo ti ẹnì kejì mi. Òun náà kò rí nǹkan kan kọ. Mọ́mì kò bá wa wí. Wọ́n ní, "Kì í ṣe pé ọmọ náà kò ní ẹnì kankan. Àwa la ò béèrè." Lẹ́yìn náà wọ́n ní ká lọ jẹun ọ̀sán. Mo jókòó ti oúnjẹ náà, n kò lè jẹ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tó àsìkò láti bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀. Àwa la ṣètò rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣètò nǹkan. A pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn náà, a tẹ báńà ńlá kan, a ra mítípáì, a to àga. A lọ pín ìwé ìpè kiri ọjà. Aago mẹ́wàá kọjá, aago mọ́kànlá kọjá. Àwa nìkan la wà níbẹ̀, àti bàbá tó ń ṣọ́ géètì, tí àwọn náà wọlé torí atẹ́gùn fáànù.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni fóònù mi dún. Alhájà kan ni, olórí àwọn ìyá aláta ní apá ibì kan nínú ọjà.

"Àǹtí Wẹ́fíà," wọ́n ní, "a rí ìwé yín. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá àwọn tó ń kó ọmọ? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí wa, ẹ wá bá wa lọ́jà. Ẹ wá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, lásìkò tá a bá ń gbálẹ̀ kí ọjà tó ṣí, kò ní sí oníbàárà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé mọ́tò yẹn wá o."

Mo lọ sọ fún Mọ́mì. Mo rò pé ojú wọn á kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n kàn wo ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n ní, "Ṣé bàtà mi yìí á lè rìn níbẹ̀?" Mo ní kò lè rìn níbẹ̀. A lọ bá wọn ra bàtà òjò ní Ọjọ́ta. Èyí tó bá ẹsẹ̀ wọn mu kò ju ẹyọ kan lọ, aláwọ̀ ewé ni, wọ́n sì wọ̀ ọ́ títí wọ́n fi kúrò ní Èkó.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú Ọjọ́bọ̀ náà. Àwọn ìyá ti gbá tòmáàtì tó ti rà jọ sójú kan, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó o sínú àpò. Wọ́n dojú apẹ̀rẹ̀ dé fún wa láti jókòó lé. Alhájà wà lórí bẹ́ǹṣì, obìnrin gíga kan tó so okùn mọ́ awò ojú rẹ̀. Mọ́mì kò gbọ́ Yorùbá, mo sì rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nínú àwọn ìyá náà. Nítorí náà, èmi ni ògbifọ̀.

Ó kọ́kọ́ lọ geere. Mọ́mì ní àwọn wá láti gbọ́ ni, àwọn ò wá láti sọ̀rọ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá kan ní, "Ẹ máa ń bi wá pé ibo lọ́mọ wa wà. Ẹ ò bi wá rí pé ibo la fẹ́ gbé e sí. Iléèwé ń parí lọ́sàn-án, ọjà ò parí títí ilẹ̀ á fi ṣú." Mo túmọ̀ rẹ̀. Òmíràn sọ ti ọmọ rẹ̀ tí tírélà fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn gbá. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Mo tiẹ̀ ti ń gbádùn ara mi díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé mò ń ṣe é dáadáa.

Ìgbà náà ni ìyá arúgbó kan dìde lẹ́yìn, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń ta ata wẹ́wẹ́ ní ìkángun ọjà. Wọn kò wo Mọ́mì. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Àǹtí, ẹ ò mọ̀ mí," wọ́n ní. "Èmi mọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ-ọmọ mi lọ ní ọdún méjì sẹ́yìn, nídìí tírélà alálùbọ́sà. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Mo ní kó jókòó síbẹ̀, kí n sáré lọ ra oògùn fún un lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Nígbà tí mo dé, abọ́ rẹ̀ ni mo bá nílẹ̀. Gbogbo ọjà yìí ni mo fi ìgò oògùn rìn yí ká. Oṣù mẹ́rin, Àǹtí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń wá ìwé tí mo máa fi hàn pé èmi ni mo ni ọmọ tí mo tọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé yín pé mo pa á tì. Wọ́n kà á sí mi létí."

Mo rántí ọmọ náà. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ, ó jókòó sórí àpò kan, egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo bi í pé ìyá rẹ̀ dà, ó ní ó ti kú. Mo bi í pé ta ló mú un wá, ẹ̀rù ti bà á, kò dáhùn. Mo dúró fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Awakọ̀ wa ń fun fèrè. Mo gbé ọmọ náà sínú mọ́tò, mo kọ "ọmọ tí a pa tì" sórí fọ́ọ̀mù, mo fà á lé ilé ìtọ́jú kan lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ló parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ́fíìsì wa. N kò rí ìyá àgbà rẹ̀ rí títí di òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn.

Mọ́mì yíjú sí mi, wọ́n ń dúró de ìtumọ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé, "Wọ́n ní ìgbà kan wà tí wọ́n gbé ọmọ kan kúrò lọ́jà yìí, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó padà."

Alhájà tú okùn awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀. Wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ tún un túmọ̀. Ohun tí Ìyá sọ kọ́ nìyẹn."

N kò mọ̀ pé Alhájà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé tíṣà ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọjà. Gbogbo àwọn ìyá náà ló ń wo ẹnu mi. Àwọn ará ọ́fíìsì wa náà ń wò mí, ọ̀kan nínú wọn sì tẹ orí ba.

Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo ní, "Wọ́n ní èmi ni. Èmi ni mo gbé ọmọ-ọmọ wọn lọ. Ẹsẹ̀ ń dun ọmọ náà, wọ́n lọ ra oògùn fún un." Mo sọ ti ìgò oògùn, mo sọ ti oṣù mẹ́rin, mo sọ ọ́ dé òpin, títí kan ohun tí mo kọ sórí fọ́ọ̀mù.

Ìyá arúgbó náà ni Mọ́mì kọjú sí, kì í ṣe èmi, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n lè máa túmọ̀.

"Ní ìlú tèmi," wọ́n ní, "ìyá kan wà tó máa ń sọdá sí òdìkejì títì tó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán. Mo gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́. Mo rò pé mo tọ̀nà, n kò tọ̀nà. Ọmọ náà ti di àgbàlagbà báyìí, kò sì mọ ìyá rẹ̀ dunjú. N kò lè tún un ṣe mọ́. Èmi ni mo kọ́ àwọn wọ̀nyí níṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yìí ju gbogbo ohun tí mo kọ́ wọn lọ. Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ lójú wa."

Mo túmọ̀ rẹ̀ láìfo nǹkan kan. Alhájà wá ní, "Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa àgbà tó wà lọ́jà àti orí ọmọ tuntun. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà o. Alálùbọ́sà wà níbẹ̀, aláta wà níbẹ̀. Ẹ ò bi wọ́n ni." Wọ́n ní kí wọ́n pín omi fún gbogbo èèyàn, a sì mu ún.

Mo dìde, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá arúgbó náà. Wọ́n wo ilẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ sí, wọ́n ní, "Ẹ dìde, ẹrẹ̀ ni." Mo dìde. Wọ́n ní, "Mi ò tíì sọ pé mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Ọmọ náà ń bẹ nílé. Òun lẹ máa lọ bẹ̀."

Agílítì ni wọ́n ń gbé, kò jìnnà sí ọjà. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ ní Sátidé. Bí ọmọ náà ti rí mi, ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, kò jáde títí mo fi kúrò. Ìyá àgbà rẹ̀ ní kò tíì wọ bọ́ọ̀sì láti ìgbà tó ti padà dé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń fi rìn dé ibi gbogbo. Mo lọ ní Sátidé kejì, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Mo bá ìyá àgbà rẹ̀ ṣa ata, mo sì lọ. Ní Sátidé kẹta, bí a ṣe ń ṣa ata náà lọ, ó wá jókòó tì wá. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ó ga, ojú rẹ̀ sì le.

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò dúró de Màmá?"

Ọ̀pọ̀ èsì ló wá sí mi lẹ́nu. Gbogbo wọn ló jẹ́ òótọ́, kò sì sí èyí tó wúlò. Mo ní, "Mò ń kánjú ni. N kò gbọ́dọ̀ kánjú. Mo ṣàṣìṣe, mo sì wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ."

Ó ṣa ata díẹ̀ sí i. Ó ní, "Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé nígbà yẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ń dún létí mi títí mo fi délé, títí mo fi sùn. Nígbà tí mo tún lọ, mo bi ìyá àgbà náà pé kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe fún wọn. Mo rò pé wọ́n á ní kí n bá wọn wá ìrànlọ́wọ́ iléèwé. Wọ́n ní, "Ẹ lọ pa ohun tí ẹ kọ nípa mi rẹ́. Mi ò pa ọmọ mi tì."

Kò rọrùn. Ọ̀gá wa ní fáìlì tí a bá ti tì, a kì í ṣí i mọ́. Wọn kì í ṣe èèyàn búburú. Ìfẹ̀yìntì wọn ti sún mọ́lé, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bi wọ́n léèrè. Mọ́mì ní àwọn lè bá mi bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe é fúnra mi, nítorí èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní, "Ìyá yìí tí ò ń sọ, ṣé wọ́n lè wá kí n rí wọn?"

Ìyá wá pẹ̀lú ìró àti bùbá tó dáa jù tí wọ́n ní. Ọ̀gá dìde fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ṣí fáìlì náà, wọ́n sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójú wa. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má bínú." A kọ lẹ́tà tuntun sínú fáìlì náà, pé ọmọ yìí ní alágbàtọ́ láti ìgbà tó ti wà ní kékeré, pé òṣìṣẹ́ wa ló ṣàṣìṣe. Mo fi ọwọ́ sí i, ọ̀gá náà fi ọwọ́ sí i. Mo ka lẹ́tà náà sétí Ìyá ní Yorùbá. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ká ẹ̀dà tiwọn, wọ́n kì í bọ inú bùbá, wọ́n ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́ báyìí."

Láàárín àkókò yìí, àwọn ìyá ọjà ti ń bá iṣẹ́ tiwọn lọ láìdúró dè wá. Ibì kan wà tí wọ́n ń kó àlùbọ́sà sí tẹ́lẹ̀ tó ti ṣófo. Wọ́n gbá a, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n yọ fèrèsé sí i, wọ́n pè é ní yàrá ọmọ. Tí iléèwé bá parí, ibẹ̀ làwọn ọmọ ń lọ, àwọn ìyá sì ń gba ara wọn sípò láti jókòó tì wọ́n. Mọ́mì fẹ́ kó ohun ìṣeré ránṣẹ́ láti ilé. Alhájà ní rárá, ohun ìṣeré kò wọ́n wa. "Ohun tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ kọ́ wa. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ kan? Kí lèèyàn á sọ fún un? Ta ló yẹ ká pè?" Mọ́mì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ wọn lórí apẹ̀rẹ̀ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, èmi ni mo sì ń túmọ̀. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni, nígbà tí ọjà kò tíì ṣí. Mo lè sọ pé ibẹ̀ ni èmi gan-an ti kọ́ iṣẹ́ náà tán, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò bá yé ọ dáadáa, o kò lè fi Yorùbá sọ ọ́ fún ìyá aláta kó gbà ọ́ gbọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn tí a ń lò ní gbọ̀ngàn kò bá wa dé ọjà. Mo ní láti sọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Lẹ́yìn tí Mọ́mì ti padà sílé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Alhájà pè mí. "Àǹtí, ọmọ kan tó sọnù wà lọ́dọ̀ wa. Á tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ máa bọ̀, ẹ má sáré." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni láti ọjà máa fi ọ̀rọ̀ ọmọ pe ọ́fíìsì wa fúnra rẹ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Kétu. Kí n tó dé, wọ́n ti rí ìyá ọmọ náà ní ọ̀dọ̀ àwọn oníṣu ní òpin ọjà lọ́hùn-ún. Ìyá arúgbó aláta ló jókòó ti ọmọ náà ní yàrá ọmọ. Wọn kò gbé e kúrò lójú kan, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo lé e lórí, wọ́n sì rán àwọn ìyá méjì lọ béèrè láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Nígbà tí mo wọlé, ìyá rẹ̀ ti pọ̀n ọ́n. Kò sí iṣẹ́ kankan fún mi ju kí n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí n jẹ àkàrà tí wọ́n gbé ka iwájú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, inú mi dùn ju ọjọ́ tí wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́ lọ.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí ìgbà náà, Mọ́mì ní àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú tiwọn fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí àwa náà kọ́ wọn ní nǹkan. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Alhájà ní ìsọ̀ wọn. Ojú òyìnbó bíi mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, Mọ́mì wà láàárín wọn, gbogbo wọn wọ aṣọ òtútù. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé báwo la ṣe ṣe é tí àwọn ará ọjà fi gbà wá gbọ́. Mo ti fẹ́ dáhùn. Alhájà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì tíṣà wọn dá wọn lóhùn pé, "A ò tíì gbà wọ́n gbọ́ tán. A ṣì ń wò wọ́n." Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo rí ẹnì kan lẹ́yìn wọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́mì, tí wọn kò jẹ́ kí n fara pa mọ́ sẹ́yìn wọn lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n sì sọ ti ìyá tó ń sọdá títì. Wọ́n lè má sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Èkó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhájà tí wọ́n ní kí n tún un túmọ̀. Mo máa ń ronú lórí rẹ̀ pé ká ní wọ́n dákẹ́ ni, ìpàdé ọjọ́ náà ì bá parí pẹ̀lú àtẹ́wọ́, a ì bá ya fọ́tò, èmi ì bá sì padà sídìí mọ́tò wa.

Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun mẹ́fà wọlé sí ọ́fíìsì wa lọ́dún yìí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan, mo kó wọn lọ sí yàrá ọmọ ní Ọjọ́bọ̀, mo bẹ ìyá arúgbó náà pé kí wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, tírélà alálùbọ́sà, abọ́, oṣù mẹ́rin. Àwọn tuntun náà ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan láti Shangisha, gbé ojú sókè, ó ní, "Ìyá, òṣìṣẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Kí ni wọ́n ṣe fún un?"

Ìyá na ọwọ́ sí ibi tí mo jókòó sí. Wọ́n ní, "Òun ló kó yín wá."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ojú tì mí díẹ̀, bó ṣe máa ń tì mí nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n mo jókòó síbẹ̀. Ìyá ṣí apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n ní ilẹ̀ ti mọ́, oníbàárà á ti máa dé, ẹni tó bá ní ìbéèrè kó máa bá wọn ṣa ata bó bá ṣe ń béèrè. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi ìwé wọn sílẹ̀, wọ́n sì sún mọ́ apẹ̀rẹ̀ ata náà.